Nọ́ńbà Ara Fèrè àti Ìwé Tó Ń Sọ Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Fèrè onírin tí ilé iṣẹ́ ṣe sábà máa ń ní nọ́ńbà lára, ní ibi tí ojú kì í tètè dé. Fèrè bẹ́ẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta: orí, níbi tí ihò tí wọ́n ń fẹnu fọn wà, ara, tí ìtẹ̀ pọ̀ sí jù lọ, àti ẹsẹ̀, tó kúrú jù. Ìtẹ̀ ni àwọn ọmọ irin kéékèèké tí ìka ń tẹ̀ kí wọ́n lè bo ihò. Nítòsí ibi tí orí ti ń wọnú ara ni òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe fèrè sábà máa ń wà: orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, àti nọ́ńbà lábẹ́ wọn. Àwọn kan tún máa ń tẹ nọ́ńbà kan náà sára ẹsẹ̀, kí apá fèrè kan má baà dàpọ̀ mọ́ ti òmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń tú fèrè palẹ̀ kó tó la ẹnu. Bí nọ́ńbà ara bá yàtọ̀ sí ti ẹsẹ̀, fèrè méjì ni wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan, ọjọ́ orí rẹ̀ sì di méjì.

Nọ́ńbà yìí fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọdún. Fèrè tó ní 1375 lára kàn ń sọ pé 1,374 ló ti gba nọ́ńbà ṣáájú òun nínú ilé iṣẹ́ kan náà, ìyẹn bí ilé iṣẹ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ení, tí kò sì fo ọ̀kankan. Ohun tó ń sọ nọ́ńbà di ọdún ni ìwé: ìwé tí ẹni tó ṣe fèrè tàbí akọ̀wé rẹ̀ kọ ọjọ́ tí ọjà jáde sí, ohun tí wọ́n fi ṣe é, iye tí wọ́n tà á àti ẹni tó rà á. Níbi tí ìwé bá ti sọnù, nọ́ńbà á ṣì wà lára fèrè, ṣùgbọ́n kò ní rí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀.

Kò sí nọ́ńbà lára ọ̀pọ̀ jù lọ fèrè ilẹ̀ Europe ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Igi ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà, ìtẹ̀ kan ṣoṣo ló sì máa ń wà lára rẹ̀. Orúkọ ni oníṣẹ́ máa ń fi irin gbígbóná tẹ̀ sí igi náà, bóyá pẹ̀lú ìràwọ̀, adé tàbí àwòrán ẹranko. La Couture-Boussey, abúlé kan ní Normandy, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fèrè nílẹ̀ Faransé ti wá, àwọn ìdílé Hotteterre sì wà lára wọn. Iṣẹ́ ìdílé ni, bí ọnà gbígbẹ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ṣe jẹ́ iṣẹ́ ìdílé nílẹ̀ Yorùbá: bàbá á fi òǹtẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ á fi sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ tàbí àna. Orúkọ kan ṣoṣo lè tipa bẹ́ẹ̀ wà lára fèrè tí ìran mẹ́ta ṣe. Ẹni tó bá rí irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè sọ ilé tí fèrè ti wá, àmọ́ kò lè sọ ọdún, àfi kó wo irú igi, bí ihò ṣe tóbi tó, àti bí wọ́n ṣe rẹ́ ojú ìtẹ̀.

Ìyípadà ńlá dé láti Munich ní ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n bí Theobald Boehm níbẹ̀ ní 1794. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀gá afọnfèrè láàfin ọba. Ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1828. Ní 1832 ó ṣe fèrè kan tí ó to ihò rẹ̀ bí ohùn ṣe fẹ́, láì wo ibi tó rọ ìka lọ́rùn, ó sì fi ìtẹ̀ dí àlàfo tó kù. Ní 1847 ó tún inú fèrè ṣe: ara tó ti máa ń tín-ín-rín lọ sí ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá gún régé láti òkè délẹ̀, orí nìkan ló ń tín-ín-rín lọ díẹ̀, fàdákà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò igi. Irú fèrè yìí ni wọ́n ń fọn káàkiri ayé títí di òní. Pẹ̀lú fèrè tuntun náà ni Boehm bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ rẹ̀ láti orí ení, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé tó kárí 1847 sí 1859 kò sọnù. Nítorí náà, fèrè Boehm tó bá jáde láàárín ọdún méjìlá yẹn kò nílò àròsọ.

Boehm ta ẹ̀tọ́ fèrè 1847 fún ilé iṣẹ́ méjì: Godfroy àti Lot ní Paris, Rudall àti Rose ní Lọ́ńdọ̀n. Láti ibi méjèèjì yìí ni àṣà kíkọ nọ́ńbà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ìwé tó wúlò jù ti wá.

Ọmọ La Couture-Boussey ni Louis Lot, tí wọ́n bí ní 1807. Ó fẹ́ ọmọ Clair Godfroy, ó sì bá ilé àna rẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1855 ó kúrò láti dá dúró, fèrè tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 1. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, nígbà tí Louis Dorus di olùkọ́ fèrè ní Conservatoire Paris, Lot di ẹni tó ń pèsè fèrè fún ilé ẹ̀kọ́ náà. Èyí ló jẹ́ kí fèrè rẹ̀ gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó di gbajúmọ̀ nílẹ̀ Faransé fún ìran méjì tó tẹ̀ lé e. Ìwé ọjà rẹ̀ àti ti àwọn tó jogún ilé iṣẹ́ náà wà títí di òní. Tula Giannini, onímọ̀ ìtàn ohun èlò orin ní Amẹ́ríkà, gbé ohun tó wà nínú wọn jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1993. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní fèrè Lot lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kó sì rí ọdún.

Nọ́ńbà 1375 tí a mẹ́nu bà lókè kì í ṣe àpẹẹrẹ àfẹnusọ lásán. Fèrè wúrà ni, tí Lot ṣe ní 1869 fún Jean Rémusat, afọnfèrè ará Faransé tó lọ gbé ní Shanghai, níbi tó ti darí ẹgbẹ́ orin ìlú náà. Fèrè wúrà ṣọ̀wọ́n gan-an nígbà yẹn. Fàdákà ni ọ̀pọ̀ ń rà, àwọn tí apá wọn kò ká a sì ń ra èyí tí wọ́n fi irin lásán ṣe. Rémusat kú sí Shanghai ní 1880, a kò sì gbúròó fèrè náà mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní 1948 ọ̀dọ́mọkùnrin afọnfèrè kan, Jean-Pierre Rampal, rí i lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ohun àtijọ́ ní Paris. Wọ́n ti tú u sí wẹ́wẹ́, ọlọ́jà náà sì ń gbèrò láti yọ́ ọ tà nítorí wúrà inú rẹ̀. Rampal rà á, ó sì fi fọn orin káàkiri ayé fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Òun ni kò jẹ́ kó di òrùka etí. Wúrà tó wúwo tó ìyẹn kò yàtọ̀ sí wúrà mìíràn lójú alágbẹ̀dẹ. Ohun tó sọ ọ́ di fèrè Rémusat ni pé orúkọ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ 1375 nínú ìwé.

Fèrè kan náà tún fi hàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbìyànjú nígbà tí ìwé kò bá sí. Láti nọ́ńbà 1 ní 1855 dé 1375 ní 1869 jẹ́ ọdún mẹ́rìnlá, èyí tó sún mọ́ fèrè 98 lọ́dún. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà 700 lè wá pín in, kó sì sọ pé nǹkan bí 1862 ni. Ìṣirò náà kò burú, ṣùgbọ́n ọjà kì í lọ déédéé. Ọdún kan máa ń yá, òmíràn a fà, ogun a sì dé: àwọn Prussia dó ti Paris láti oṣù kẹsàn-án 1870 títí dé oṣù kìíní 1871, ebi ni àwọn ará ìlú náà sì ń bá jà nígbà yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n ta fèrè tún lè jìnnà sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ìwé ọjà sì ni ìwé Lot. Ìṣirò báyìí yẹ kó fi àlàfo ọdún méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í fi í sílẹ̀, nítorí ọdún tó pé ṣánṣán máa ń pa owó ju «nǹkan bí» lọ.

Pàkúté mìíràn ni orúkọ Lot fúnra rẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì ní 1876, ó sì kú ní 1896, ṣùgbọ́n orúkọ «Louis Lot» ṣì ń jáde lára fèrè títí di ọ̀rúndún ogún. Villette ló kọ́kọ́ gba ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Debonneetbeau gbà á ní 1882, Barat ní 1889, Ernest Chambille ní 1904, Gabrielle Chambille sì ló mú un dé 1951. Àwọn afọnfèrè kan gbà pé èyí tí ọwọ́ Lot gan-an kàn ló dáa jù. Àwọn mìíràn kò ní fi ti Barat ṣe pàṣípààrọ̀. Nọ́ńbà ló ń ṣèdájọ́ láàárín wọn, nítorí orúkọ kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení nígbà tí ọ̀gá tuntun dé.

Ní Lọ́ńdọ̀n, George Rudall àti John Mitchell Rose bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1821. Fèrè igi ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, pẹ̀lú ìtẹ̀ mẹ́jọ, nọ́ńbà wọn sì ju ẹgbẹ̀rún méje lọ. Ibi tí ìwé wọn àkọ́kọ́ kò ti ran ni lọ́wọ́, àdírẹ́sì ló ń ran ni lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ náà kó kiri ìlú, wọ́n sì ń tẹ àdírẹ́sì mọ́ orúkọ: Piazza ní Covent Garden, Southampton Street, New Bond Street, Charing Cross, kó tó wá di Berners Street lẹ́yìn 1878. Orúkọ náà sì ń yí padà bí alábàáṣiṣẹ́ bá wọlé tàbí jáde: Rudall àti Rose di Rudall, Rose àti Carte, ó sì di Rudall Carte ní 1872. Orúkọ àti òpópónà pa pọ̀ lè há ọdún mọ́ àlàfo kékeré kí ẹnikẹ́ni tó wo nọ́ńbà rárá. Ìwé ọjà Rudall Carte wà ní Horniman Museum ní gúúsù Lọ́ńdọ̀n, níbi tó dé ní 2004 pẹ̀lú àkójọ Boosey & Hawkes. 

Àdírẹ́sì tún wúlò fún ohun èlò Faransé tó wọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú ẹgbẹ́ orin ọmọ ogun àti ti ilé ìwé lásìkò ìjọba amúnisìn. Couesnon jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ tó tóbi jù nílẹ̀ Faransé fún irú ọjà bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun èlò onídẹ rẹ̀ ní àdírẹ́sì rue d'Angoulême ní Paris lára, wọ́n sì máa ń tẹ nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn nínú ọdún sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n lé àwọn Jámánì kúrò ní Paris ní 1944, òpópónà náà di rue Jean-Pierre-Timbaud, orúkọ òṣìṣẹ́ irin kan tí àwọn Jámánì yìnbọn pa ní 1941. Ohun èlò tó bá ṣì ń jẹ́ rue d'Angoulême ti jáde ṣáájú ìyípadà náà.

Ẹ̀rí mìíràn wà tó ń bá nọ́ńbà ṣiṣẹ́, tó sì ń tú u fó bí ó bá parọ́. Fàdákà àti wúrà gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ ìjọba ní Faransé àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orí Minerva ni ti fàdákà Faransé láti 1838, orí ẹyẹ idì sì ni ti wúrà. Ti Gẹ̀ẹ́sì tún wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí lẹ́tà kan máa ń wà nínú rẹ̀ tó ń yí padà lọ́dọọdún. Ohùn fèrè náà ń sọ̀rọ̀. Òfin ilẹ̀ Faransé ní 1859 fi ohùn A sí ìgbọ̀nrìrì 435 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ga tó 452 ní ọ̀pọ̀ ibi fún apá tó pọ̀ nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìpàdé kan ní Lọ́ńdọ̀n ní 1939 sì fẹnu kò sí 440. Fèrè tí ohùn rẹ̀ ga máa ń kúrú, ihò rẹ̀ sì máa ń sún mọ́ra. Ẹni tó bá tà á gẹ́gẹ́ bí ọjà ọdún 1950 ní Lọ́ńdọ̀n ní àlàyé láti ṣe. Igi pẹ̀lú ń jẹ́rìí: cocus láti Jamaica àti Cuba ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀n fẹ́ràn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kó tó di pé igi dúdú Tanzania àti Mozambique gba ipò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ti kúrò ní ti àwọn olùkójọ nìkan báyìí. Ọ̀pọ̀ fèrè àtijọ́ ní orí tí wọ́n fi eyín erin ṣe, eyín erin Áfíríkà sì wà lára rẹ̀. Òfin Eyín Erin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣe ní 2018 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, kò gba kí wọ́n tà á, àyàfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà. Ọ̀nà kan jẹ́ ti ohun èlò orin tí wọ́n ṣe ṣáájú 1975, tí eyín erin inú rẹ̀ kò tó ìdá márùn-ún kan. Ẹni tó fẹ́ tà á sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà tó bá ìwé mu ti di ẹ̀rí níwájú òfin.

Ní Amẹ́ríkà, Boston ni olú ìlú fèrè. William S. Haynes bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1888. Verne Q. Powell, tó bá a ṣiṣẹ́, dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1927. Nọ́ńbà 365 ni èyí tó lókìkí jù nínú ti Powell: platinum ni wọ́n fi ṣe é fún ìpàtẹ àgbáyé ní New York ní 1939, William Kincaid, ọ̀gá afọnfèrè Philadelphia, sì fọn ọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1986 wọ́n tà á ní gbàǹjo ní $187,000. Ilé iṣẹ́ Powell àti Haynes ṣì wà, ẹni tó ní fèrè wọn sì lè béèrè lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà tó rọrùn jù nìyẹn, òun ló sì yẹ kí ẹni tí wọ́n jí fèrè rẹ̀ gbé kọ́kọ́ ronú sí, nítorí nọ́ńbà ni ọlọ́pàá àti ilé iṣẹ́ ìbánigbófò á béèrè.

Ẹgbàágbèje fèrè ni kò ní nǹkan kan. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Jámánì ń rọ́ fèrè olówó pọ́ọ́kú jáde ní àwòṣe H. F. Meyer ti Hannover, wọ́n á sì tẹ «nach Meyer» sára rẹ̀. Kò sí nọ́ńbà, kò sí ìwé, orúkọ ara rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹni tó ṣe é. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi irú rẹ̀ ṣe ju kó ka ìtẹ̀ rẹ̀, kó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán inú ìwé ìpolówó ọjà ìgbà náà. Òdìkejì rẹ̀ ni Claude Laurent, oníṣẹ́ aago ní Paris tó gba ẹ̀tọ́ láti ṣe fèrè oní-kírísítà ní 1806. Kò fi ọ̀rọ̀ sínú nọ́ńbà. Ó gbẹ́ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sára fèrè. Ó ṣe ọ̀kan fún Ààrẹ Amẹ́ríkà, James Madison, ní 1813. Ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì kan ní Cleveland, Dayton C. Miller, ni fèrè náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kú ní 1941, tó sì fi fèrè tó sún mọ́ 1,700 sílẹ̀ fún Library of Congress. Olórin Lizzo fọn ọ́n ní Washington ní oṣù kẹsàn-án 2022. Nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ yẹn ni DCM 378. Nọ́ńbà Miller ni, kì í ṣe ti Laurent, kò sì sọ nǹkan kan nípa 1813.

Ìyàtọ̀ láàárín nọ́ńbà ẹni tó ṣe é àti nọ́ńbà ẹni tó tọ́jú rẹ̀ ló kan agbègbè Pobè, Sakété àti Onigbolo ní orílẹ̀-èdè Benin jù. Fèrè ìbílẹ̀ agbègbè yìí, ti ọparun, ti igi tàbí ti ìwo, kò ní òǹtẹ̀ rí. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ igi fèrè lè jẹ́ ẹni tó gbẹ́ ère àti igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Kò sí ìdí tí yóò fi kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ìgbà tí ohun náà bá kúrò nílùú ni àìsí orúkọ di àìmọ̀. Ikán àti ọ̀rinrin kì í sì jẹ́ kí igi pẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Àyẹ̀wò carbon kò ran ohun tí kò tíì tó ọdún 350 lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí èsì rẹ̀ fún ìgbà tó tẹ̀ lé 1650 máa ń tàn ká ọ̀pọ̀ ọdún débi pé kò wúlò.

Nọ́ńbà tí ohun èlò Benin máa ń ní jẹ́ ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó gbà á. Èyí tí wọ́n ń lò ní musée du quai Branly ní Paris rọrùn láti kà. 71 níwájú túmọ̀ sí pé ohun náà wá láti Musée de l'Homme, tó jogún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro. Ọdún tí ó wọlé tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà àkójọ tó bá a dé, kó tó kan nọ́ńbà ohun náà gan-an. Àwọn ère ọba Abomey tí Ọ̀gágun Faransé Alfred Dodds fi ta Trocadéro lọ́rẹ bẹ̀rẹ̀ ní 71.1893.45. Wọ́n wà lára ohun 26 tí Faransé dá padà fún Benin ní oṣù kọkànlá 2021. Gbogbo ohun tí 1893 ń sọ ni ọdún tí wọ́n wọlé sí Paris, ọdún kan lẹ́yìn tí ogun wọ Abomey. Àwọn ọba tí ère náà dúró fún ti jẹ ṣáájú ìgbà yẹn.

Ère Gu, Ògún àwọn ará Abomey, tí wọ́n fi irin rọ, fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. 71.1894.32.1 ni nọ́ńbà rẹ̀. Akati Ekplékendo ni wọ́n gbà pé ó rọ ọ́, ní nǹkan bí 1858, nígbà tí ọba Glèlè gorí oyè. Láàárín ìgbà tí wọ́n rọ ọ́ àti ìgbà tó gba nọ́ńbà, ó lé ní ọdún márùndínlógójì. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bí ẹni ń ka nọ́ńbà fèrè Lot yóò ṣi ọjọ́ orí rẹ̀ mọ̀ nípa ìran kan gbáko. Nọ́ńbà ìwọlé kì í ju ààlà ẹ̀yìn lọ: ó ń sọ pé ohun náà kò kéré ju báyìí lọ lọ́jọ́ orí, kò sì sọ bó ṣe dàgbà tó.

Síbẹ̀, ààlà bẹ́ẹ̀ lè níye lórí. Ọpọ́n Ifá tó dàgbà jù tí a mọ̀ nínú ayé wà ní Ulm ní ilẹ̀ Jámánì. Allada, ní gúúsù Benin òde òní, ni wọ́n ti gbé e wá fún oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Christoph Weickmann. Igi ni, kò ní ọdún lára. Bí Weickmann kò bá tẹ ìwé tó to àwọn ohun inú àkójọ rẹ̀ jáde ní 1659, kò sẹ́ni tí yóò lè fi ẹ̀rí sọ pé ọpọ́n náà ti wà kí àwọn ọ̀rúndún kejìdínlógún àti kọkàndínlógún tó dé. Ìwé tí oníṣòwò ará Ulm tẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ tí ìwé Lot ṣe fún fèrè Rémusat.

Nọ́ńbà kẹta tún wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì mú. Ní 1914, Erich von Hornbostel àti Curt Sachs gbé ìlànà kan kalẹ̀ tó pín gbogbo ohun èlò orin ayé sí ẹ̀yà pẹ̀lú nọ́ńbà. Gbogbo fèrè ló wà lábẹ́ 421. Irú ni nọ́ńbà yìí ń sọ. Fèrè ọparun Sakété àti fèrè wúrà Rémusat lè wà lábẹ́ 421 kan náà, láì sí ohun tó kan ọjọ́ orí àwọn méjèèjì.

Fún fèrè ìbílẹ̀ tó ṣì wà nílé àwọn ará Pobè, Sakété àti Onigbolo, ìwé tó ń sọ ọjọ́ orí wọn kò tíì pẹ́ jù láti kọ. Orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, agboolé rẹ̀, irú igi tó lò, ọdún tí ó gbẹ́ ẹ tàbí ọba tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, àti ẹni tó ń fọn ọ́n, ni ohun tí ó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Kí ẹni tó ní fèrè kọ ọ́ sí bébà kó sì so ó mọ́ ọn, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ kan sílẹ̀ níbòmíràn, kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé fèrè náà kúrò nílùú.